Ẹni Tó Sọ Bí Inú Ilé Ṣe Rí

Sáà ẹ̀kọ́ méjì gbáko! Ohun tí àwọn aláṣẹ Yunifásítì Ìbàdàn rí fi san ẹ̀san àpilẹ̀kọ kan nìyẹn. Oṣù kẹrin ọdún 2016 ni Adékúnlé, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Guardian pé òrùlé ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé dára lójú, inú ilé ló burú. Oṣù keje ọdún 2018 ni wọ́n tó ní kó lọ jókòó sílé.

Ẹ̀yin aláṣẹ, a mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò lè wà láìní òfin, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti búra láti pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ ló sọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ẹ gé. Bí irọ́ ló pa, ojú ìwé ìròyìn tó gba tirẹ̀ yóò gba tiyín. Ẹ pe àwọn akọ̀ròyìn láti Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn, ẹ ṣílẹ̀kùn yàrá fún wọn, kí wọ́n wọ ilé ìwẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò. Bí òótọ́ ló sì sọ ńkọ́? Ṣé torí òótọ́ ni ọmọ olọ́mọ yóò ṣe fi ọdún kan ṣòfò?

Ní 2017 ni ẹ ti dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Àwọn oníròyìn inú ọgbà nìkan ló kù nígbà náà tó lè sọ̀rọ̀ sókè, kí wọ́n sì fi orúkọ ara wọn sí i. Bí ẹ bá pa àwọn náà lẹ́nu mọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tán: orí WhatsApp ló ń lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dáhùn fún ohun tó bá sọ. Ẹ rántí pé ní ọgbà yìí kan náà ni Achebe ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn University Herald, ibẹ̀ náà ni Ṣóyínká ti ṣe ti The Eagle.

Pípa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́ ń pa ìwádìí náà lára. Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni Reuters Institute ní Oxford gbé àbọ̀ ìwádìí lórí ìròyìn jáde láti ọjà ìròyìn 37 káàkiri ayé. Nínú 100 ènìyàn, 44 péré ló gba ìròyìn gbọ́ lápapọ̀. Ní ti ìròyìn tí kálukú ń lò fúnra rẹ̀, 51 ni. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú ti ọdún náà. Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn onímọ̀ tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni yóò wá la ẹnu sọ tinú rẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ìdájọ́ yìí?

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ní 2018 náà ni pé kí ẹ fagi lé ìdádúró náà, kí ẹ dá ẹgbẹ́ wọn padà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ dá dúró lọ́wọ́ ọ́fíìsì yín.

A ka ìdájọ́ yín. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó sọ fún òbí kankan ní Bódìjà tàbí Challenge bí yàrá tí ọmọ rẹ̀ ń sùn sí ṣe rí.