Pẹ́pẹ́yẹ ẹ̀yìnkùlé: Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano kan àwọn ará Ìlá

Pẹ́pẹ́yẹ kan tí wọ́n rà ní ọjà Janguza, ní ìpínlẹ̀ Kano, ló dá wàhálà sílẹ̀ lápá ìparí ọdún 2024. Àlejò kan ló gbé e wọlé sí ìjọba ìbílẹ̀ Gwale, wọ́n sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tó máa fi di oṣù kìíní ọdún 2025, àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí bird flu, ló wà nídìí ẹ̀.

Òótọ́ ni pé Kano jìnnà sí Ìlá-Ọ̀ràngún. Àmọ́ bí pẹ́pẹ́yẹ ṣe wọlé ní Gwale náà ló ṣe ń wọlé ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá àti ní Ọrà. Wọ́n á rà á lọ́jà, wọ́n á so ó lẹ́sẹ̀, wọ́n á gbé e sórí ọ̀kadà, bó bá sì délé, wọ́n á tú u sílẹ̀ láàárín àwọn tó ti wà nílẹ̀. Ta ló ń béèrè ibi tó ti ń bọ̀?

Ọ̀fẹ́ tí kì í ṣe ọ̀fẹ́

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, àgbàdo àti sóyà gbówó lórí, ọ̀pọ̀ olùsìn adìyẹ ló sì kógbá sílé. Lójú ẹni tí kò lágbára àtira oúnjẹ adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ ló rọrùn jù: ó ń wá jẹ fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ le, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìdajì òótọ́ nìyẹn, ìdajì tó kù ló ń pa ẹyẹ.

Nígbà òjò, pẹ́pẹ́yẹ máa ń rí ìgbín kéékèèké, kòkòrò àti ewé tútù jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ìyẹn á wọ́n. Èérí ògì, èèpo ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àná àti búrẹ́dì gbígbẹ ló máa ń kù fún un. Ikùn á kún, àmọ́ kò sí ohun tí yóò fi dàgbà nínú ẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù tún ní májèlé tirẹ̀, ó yẹ kí wọ́n sá a gbẹ dáadáa kí wọ́n tó fún ẹran.

Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ló ń jìyà ẹ̀ jù. Ọjọ́ 35 ni ìyá wọn fi ń sàba, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, díẹ̀ lè má kù nínú wọn mọ́. Àwọn tó bá sì yè lè máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ tàbí kí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Wọ́n á ní ayé ló ṣe wọ́n. Ohun tó sábà máa ń fà á ni àìtó fítámì B3, tí wọ́n ń pè ní niacin. Èyí tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti òròmọdìyẹ, àgbàdo nìkan kò sì lè pèsè ẹ̀. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ àti ẹ̀pà tí kò bu lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Tí kò bu ni kókó. Àgbàdo tàbí kúlíkúlí tó bu kì í ṣe oúnjẹ pẹ́pẹ́yẹ. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà sì kú. Ẹ̀pà lílọ̀ tó bu, tí wọ́n kó wọlé láti Brazil, ni wọ́n rí pé ó fà á. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ májèlé aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ kò lè gbà á rárá.

Omi tún ńkọ́? Pẹ́pẹ́yẹ kò nílò odò, àmọ́ ó nílò omi mímọ́ tó jìn tó láti ki orí bọ̀, kó lè fọ ojú àti imú rẹ̀. Bó bá ń jẹun gbígbẹ láìsí omi nítòsí, oúnjẹ lè há a lọ́fun. Omi gọ́tà tí òkú ẹran ti jẹrà sí lè fún un ní májèlé tó ń mú kí ọrùn rọ̀ jọwọrọ, tí kò sì ní lè gbé orí mọ́.

Ó ń gbé àrùn, kò sì hàn lára rẹ̀

Ewu tó tóbi jù nìyí. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé kòkòrò lùkúlùkú tàbí ti ọ̀fìnkìn ẹyẹ káàkiri, kó máa rìn, kó máa jẹun bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Adìyẹ aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ kú. Láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn ẹyẹ ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna, lóṣù kejì ọdún 2006, ó ti lọ, ó sì ti padà wá lọ́dún 2015 àti 2021. Kì í ṣe ẹyẹ nìkan ló ń pa: obìnrin ẹni ọdún 22 kan bá a lọ ní Èkó lóṣù kìíní ọdún 2007.

Nítorí náà, ẹyẹ tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Bí ẹyẹ bá ń kú lójijì, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ má sì jù ú sódò. Ẹ fi nǹkan bo ọwọ́, ẹ sin ín jìn, kí ẹ sì pe dókítà ẹran.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìjọba náà

Lóṣù keje ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá anfààní rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ní pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà lẹ́yìnkùlé. Lọ́dún 2006, ìjọba san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí wọ́n pa ẹyẹ wọn. Bí ẹni tó ní ẹyẹ díẹ̀ kò bá ní ìdánilójú pé òun á rí nǹkan gbà, yóò yára tà á kí ìjọba tó gbọ́. Ọjà ni àrùn náà máa gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára náà kò yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ lùkúlùkú kì í wá fún ẹyẹ mẹ́wàá, ìgò kan máa ń tó ọ̀pọ̀ ẹyẹ, kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i. Ẹni kan kò lè dá a rà. Ilé ìwádìí NVRI tó wà ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, tún ń ṣe irú èyí tí wọ́n ń kán sójú adìyẹ ìbílẹ̀, tí kì í tètè bàjẹ́ nínú ooru. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti Ifẹ́dayọ̀ bá lè yan ọjọ́ kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ará ilé sì dá owó jọ, ìgò kan á tó agbo ilé púpọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé kò ní ògiri lójú àrùn. Pẹ́pẹ́yẹ tí ẹnì kan tú sílẹ̀ láìbéèrè ibi tó ti wá, adìyẹ gbogbo àdúgbò ló tú u sí.