Ìbẹ̀rù Ọlọ́run Nìkan Kò Tó Ṣọ́ Àpò Owó

Nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá fẹ́ yan akápò níhìn-ín ní Kàdúná, ọ̀rọ̀ kan ni a sábà máa ń gbọ́: "Ẹ bá wa wá ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ìbéèrè wa ni pé, ṣé òun gan-an ló ń dá ọwọ́ olè dúró láàrin wa?

Ẹ wo alájọ. Láàárọ̀, yóò máa ti ìsọ̀ dé ìsọ̀, yóò máa gba owó, yóò máa fàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún ẹni tó ni ín. Ìyá aláta tó jẹ́ Mùsùlùmí ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, kò sì béèrè bóyá ó lọ sí ìsọjí lálẹ́ àná. Ohun tó ń béèrè ni pé: níbo ló ń gbé? Ọmọ ta ni? Ta ló ti bá a dá àjọ rí? Bí ó bá kó owó sá lọ, ìtìjú rẹ̀ yóò ti dé Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kí òun tó dé bẹ̀. (Àwọn kan ṣì ń sá lọ, a kò fi pamọ́. Ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.)

Àwọn kan gbà pé bí kò bá sí ẹ̀sìn, ayé yóò dojú rú. A kò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ààwẹ̀ ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ahọ́n wọn níjàánu, sàká sì ń bọ́ opó. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2000 ní ìlú yìí? Ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà ló dá ìjà sílẹ̀, ó sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú. Kì í ṣe àwọn aláìlẹ́sìn ló jà o. Àwọn tó ń gbàdúrà ló ń dáná sun ilé ara wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ti kó lọ sí Sabon Tasha àti gúúsù odò, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì kó sí Tudun Wada àti apá àríwá. Àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà sú jù, àwa tí ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ràsákì tí àbúrò ń jẹ́ Sámúẹ́lì. Apá odò wo ni kí ìyá wọn máa gbé?

Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó yè, aládùúgbò ló fi wọ́n pamọ́. Kò kọ́kọ́ ṣí ìwé mímọ́ wò. Ẹni tí wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan náà ló rí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

A mọ̀ pé Pásítọ̀ James Wuye àti Ímáámù Muhammad Ashafa, tí wọ́n ti bára wọn ṣọ̀tá rí, dá àjọ sílẹ̀ pọ̀ ní ọdún 1995, tí wọ́n sì ń fi Bíbélì àti Kùránì pẹ̀tù síjà. A gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n Wuye ti pàdánù ọwọ́ kan, Ashafa sì ti pàdánù ìbátan nínú ìjà kan náà ní 1992, kí wọ́n tó jókòó sọ̀rọ̀.

Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lẹ́yìn ìjà ọdún 2000, ṣùgbọ́n a kò rí àwọn tó ṣètò ìpànìyàn náà ní kóòtù. Ẹni tó pànìyàn lórúkọ Ọlọ́run tí òfin kò sì mú un, kí ni ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ti ọjọ́ Ìsinmi fẹ́ sọ fún un?

Ní ti akápò, kí ẹgbẹ́ yan ẹni tí a mọ ilé rẹ̀, kí ènìyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó, kí a sì máa ka ìṣirò owó sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù, kí a tó ṣe àdúrà ìparí.