Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀ Kì Í Gbé Inú Páálí

Láàárín àwọn tó ń polówó oògùn lórí WhatsApp ní Nàìjíríà, "stem cell", ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ti di ọjà inú páálí. Wọ́n á ní kí aláìsàn bu ìyẹ̀fun náà sẹ́nu, kò ní pẹ́ tí gbogbo ibi tó ti gbó lára rẹ̀ yóò fi di ọ̀tun. Ẹni tó bá mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń ṣe nínú ilé-ẹyin eṣinṣin èso, ìyẹn eṣinṣin tíntìntín tó máa ń rá bàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, kò ní tètè ki ọwọ́ bọ àpò.

Inú ọ̀pá tín-ínrín ni ẹyin eṣinṣin yìí ti ń dàgbà, ilé-ẹyin kan sì máa ń ní bíi 16 sí 20 irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ní ṣóńṣó ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ 2 tàbí 3 lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó dé wọn lórí bíi fìlà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì fìlà yìí ló ń tú pùròtéènì kan tó ń jẹ́ Dpp jáde. Dpp kì í rìn jìnnà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fara kan fìlà ló ń rí i gbà dáadáa, iṣẹ́ tó sì ń jẹ́ fún un ni pé kó pa jíìnì bam lẹ́nu mọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ bá pín sí méjì, ọ̀kan á dúró ti fìlà, èkejì á bọ́ sẹ́yìn. Níbi tó bọ́ sí yẹn, Dpp ò tó nǹkan mọ́. Bam á wá ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà á pín lẹ́ẹ̀mẹrin títí yóò fi di 16: ọ̀kan á di ẹyin, 15 yòókù á máa bọ́ ọ.

Jíìnì kan náà ni sẹ́ẹ̀lì tó dúró ti fìlà àti èyí tó bọ́ sẹ́yìn ní. Ibi tí kálukú dúró sí ló yà wọ́n.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ting Xie àti Allan Spradling fi agbára Dpp hàn ní Baltimore lọ́dún 1998. Nígbà tí Dpp dínkù, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tán kíákíá. Nígbà tí ó pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ilé-ẹyin kún bámúbámú fún sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí kò di nǹkan kan; ohun tó jáde kì í ṣe ẹyin, kókó ni.

Àwọn kan lè ní inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni agbára wà. Iṣẹ́ tí Toshie Kai àti Spradling gbé jáde lọ́dún 2004 kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n fipá mú bam ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sì fipò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ti pín di agbo sẹ́ẹ̀lì 4 tàbí 8 tú ká, wọ́n padà di ìpìlẹ̀, ẹyin sì tún ń jáde lára wọn.

Dókítà tó ń fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ àyè yìí. Oògùn líle ló kọ́kọ́ fi ń gbá mùdùnmúdùn eegun mọ́, kó tó fa sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè sínú iṣan aláìsàn. Ìyẹ̀fun inú páálí kò ní ẹ̀mí, ikùn ló sì ń bọ́ sí, níbi tí ásíìdì yóò ti dà á bíi ti oúnjẹ yòókù.