Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Ojú Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé



Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a ti dá iṣan ẹ̀jẹ̀ sínú ara, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni ẹ̀yà ara kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ni a fi mọ ògiri iṣan. Bí wọ́n bá yè, iṣan a máa gùn sí i. Bí wọ́n bá kú, iṣan a parẹ́. Ojú ọmọ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé tí a ti bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, iṣan kan la àárín ẹyinjú rẹ̀ kọjá láti máa bọ́ ọ. Bí ọjọ́ ìbí ti ń súnmọ́, sẹ́ẹ̀lì iṣan yìí a kú, ọ̀nà a sì mọ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ikú inú ara ni ó burú. Àwọn iṣan mìíràn sì wà tí ń tàn kálẹ̀ lórí awọ ẹ̀yìn ojú tí a fi ń ríran. Wọ́n a bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 oyún, wọn kì í sì í dé etí awọ náà tán títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40.

Kí ni ń darí wọn? Bí ọ́síjìn kò bá tó awọ náà, a máa tú ohun kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní VEGF. Òun ni ó ń pe iṣan wá. Òun náà ni ó sì ń dá ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì iṣan titun sí, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ti fi hàn ní ọdún 1995.

Ní ọdún 1942, Dókítà Theodore Terry ti Boston kọ̀wé nípa ìfọ́jú tí ń bá irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní ọdún 1951, Dókítà Kate Campbell ti Melbourne fura sí ọ́síjìn tí a ń fún wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ kí wọ́n má baà kú. Ní ọdún 1954, ìwádìí ní Amẹ́ríkà àti èyí tí Norman Ashton ṣe pẹ̀lú ọmọ ológbò ní London fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Báyìí ni ó ń rí: ọ́síjìn àpọ̀jù a mú kí awọ náà yó; kò ní pe iṣan mọ́, sẹ́ẹ̀lì titun a sì kú. Nígbà tí a bá mú ọ́síjìn náà kúrò, ebi ńlá a dé, ìpè a di igbe. Iṣan a wá máa hù ní ìhùkuhù, a máa ṣẹ̀jẹ̀, a sì lè fa awọ náà ya kúrò ní ipò rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, kí a dín ọ́síjìn náà kù gidigidi. Ní ọdún 2010, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n méjì wé ara wọn lára ọmọ 1,316. Lára àwọn tí ọ́síjìn wọn kéré, àrùn ojú líle bá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó yè, ó sì bá 17.9 lára ìyókù. Ṣùgbọ́n 19.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú lára àwọn ti ìṣáájú, nígbà tí ó jẹ́ 16.2 lára àwọn ti ìkejì. Àṣejù kò dára, àìtó pẹ̀lú kò dára. Ìwọ̀n ni ohun gbogbo.

Nítorí náà, bí ọmọ yín kò bá tó kílò kan ààbọ̀ nígbà tí a bí i, tàbí bí oyún rẹ̀ kò bá pé ọ̀sẹ̀ 32, ẹ bi dókítà léèrè ọjọ́ tí a ó yẹ ojú rẹ̀ wò. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ má ṣe dúró de àmì, nítorí ojú náà lè dán gbinrin lóde kí ó sì máa bàjẹ́ nínú. Bí a bá tètè rí i, ìmọ́lẹ̀ lésà tàbí abẹ́rẹ́ tí ń pa igbe VEGF náà lẹ́nu mọ́ lè gba ojú là. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ padà wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀.