Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wádìí

Bí ọmọdé bá lè rí ohun tí àgbà kò tíì rí, kí ló dé tí gbogbo ọjọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ń parí sórí dída ọ̀rọ̀ pátákó kọ? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Biology Letters, ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society, tẹ ìwádìí àwọn ọmọ 25, ọlọ́dún 8 sí 10, láti ilé-ẹ̀kọ́ Blackawton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ yìí ló béèrè bí oyin onírun ṣe ń mọ òdòdó tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀; àwọn ló ronú ọ̀nà tí wọn yóò fi dán an wò, tí wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ya àwòrán rẹ̀. Beau Lotto, onímọ̀ ọpọlọ, ló kọ́ àwọn oyin náà, tó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ sílẹ̀. Wọ́n rí i pé kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni oyin ń wò, ó tún ń wo ibi tí àwọ̀ kan wà sí èkejì. Kò sí ìwé tíṣà tí wọ́n ti lè jí ìdáhùn yẹn wò.

Àwọn kan yóò ní ilẹ̀ olówó nìyẹn, tiwa kò ní yàrá àyẹ̀wò, ọmọ sì kún kíláàsì bámúbámú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èló ni patanmọ́ ẹ̀yìn ọgbà? Ẹ pín àwọn ọmọ ní márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n fọwọ́ kan ewé rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí wọ́n ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó là padà, kí wọ́n sì jiyàn lórí ìdí tí iye náà kò fi bára mu. Kí àwọn mìíràn fi omi wọn kóńgò onígàrí mẹ́ta (ẹ má ní èmi ni mo rán wọn o), kí wọ́n fi àbájáde rẹ̀ ṣeré lọ́jọ́ ìparí sáà. Bí ẹnìkan bá ní Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ lẹ́nu wọn, ta ló ní kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì? Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún 6, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá ní ìdánwò ńkọ́, ìyẹn kò le: ẹ fún ìwádìí ní díẹ̀ nínú máàkì àárín sáà. Èyí tó le ni ẹ̀rù tíṣà, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ síta: bí ọmọ bá béèrè ohun tí n kò mọ̀ ńkọ́? Ẹ dá a lóhùn pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ jọ lọ wò ó. A kò tọrọ ilé tuntun tàbí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni a ń tọrọ, láti kíláàsì 3 sí 6. Ẹ̀yin SUBEB, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ gbogbo, ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ iṣẹ́ sáà tó ń bọ̀.