Ẹni tó kọ́ ìlú kò gbọdọ̀ di àlejò nínú rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Goubi, ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé,

Àwọn kan máa ń wí pé tálákà ló ń ba ìlú jẹ́, kí a lé e kúrò kí ìlú lè mọ́. Irọ́ ni! Ta ló ń gbé yẹ̀pẹ̀? Ta ló ń po sìmẹ́ǹtì? Ta ló ń ta oúnjẹ fún àwọn tó ń kọ́lé? Tálákà ni.

Ẹ wo Èkó. Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní àdúgbò náà dọ̀tí. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọjà. Àwọn ìyá tó ń tajà pàdánù oníbàárà, ẹbí túká.

Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun wó Maroko. Nǹkan bí 300 000 ènìyàn di aláìnílé. Lónìí, ilé olówó ló kún ibẹ̀. Ṣé ìdọ̀tí ni wọ́n lé, àbí ènìyàn?

Láàrin 2016 sí 2017, wọ́n lé nǹkan bí 30 000 ènìyàn kúrò ní Otodo Gbame. Apẹja ni púpọ̀ nínú wọn. Wọn kò dákẹ́: wọ́n pẹjọ́. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a pé lílé náà lòdì sí òfin.

Ọgbọ́n mìíràn wà. Ní Jakarta, láti 1969, ìjọba la ọ̀nà, ó fa omi, ó gbẹ́ gọ́tà wọ àdúgbò tálákà, láì lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ní Makoko, lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé ní 2012, àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ya ètò tiwọn, wọ́n sì gbé e fún ìjọba.

Ẹ̀yin ará, awọnlẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ẹni tí kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ni yóò fi ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n ri òpó ààlà kankan kí wọ́n tó ka ètò náà fún wa ní èdè wa, lójú gbogbo ìlú, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ẹ wá sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ́ ìwé, kí ẹ lè ka àwòrán ìlú yín!