Ìdógùn-ún Yàtọ̀ sí Ìpáàrà: Èrò lórí Àtúnṣe Bọ́dì Ọkọ̀

Láti 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, kò tún sí àní-àní mọ́ pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, sì ran àwa olùkọ́ èdè lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwa aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ kì í sábà yà sí: ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àtúnṣe ọkọ̀ àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí a sì ń to Volkswagen, èyí tí àwa ń pè ní Ìjàpá, pọ̀ ní Èkó. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ìsọ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá lè wí pé irin rẹ̀ ti dógùn-ún, pé ó ti rà, tàbí pé ó ti lu. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Irin a máa dógùn-ún bí omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá jọ kàn án. Iyọ̀ a sì máa mú un yá. Bí ó bá jẹ́ pé ojú irin nìkan ni ó pọ́n, a ó fi sáńpépà họ ọ́ títí yóò fi dán, kí a tó kùn ún lọ́dà. Bí ó bá ti jẹ wọnú, tí irin fẹ́lẹ́, àfi kí a gé e, kí jórinjórin sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Ìwé atúmọ̀-èdè a máa lo ìdógùn-ún àti ìpáàrà bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Àbá mi ni pé kí ìdógùn-ún jẹ́ ti ojú irin, kí ìpáàrà, tí Bíbélì Yorùbá kà mọ́ kòkòrò tí ń ba ìṣúra jẹ́, jẹ́ èyí tí ń jẹ irin run.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Bí onímọ́tò bá wí pé, “Ọ̀gá, ẹ bá mi tún un ṣe,” kí ni ó ń bèèrè? Ẹlòmíràn yóò fi pọ́tì dí ojú ihò, yóò kùn ún, yóò sì gbowó. Ìpáàrà kò dẹ́kun lábẹ́ pọ́tì. Láìpẹ́ ọ̀dà yóò wú. Bọ́dì Peugeot 504 fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọkọ̀ ró. Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá rà, ẹ̀mí èrò wà nínú ewu. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Nítorí náà, ó yẹ kí dí, lẹ̀ àti pààrọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìperí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí olówó lè mọ èyí tí òun sanwó fún.

Àwọn kan yóò wí pé èdè ìsọ̀ kún fún àyálò bíi bọ́dì àti pọ́tì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àyálò tí ó wà lẹ́nu ènìyàn sàn ju àṣẹ̀dá tí kò kúrò lórí ìwé lọ. Àwọn tí ó sọ jórinjórin kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Kí ìgbìmọ̀ wa tó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn jáde, ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ lọ gbọ́ ti ẹnu wọn.